Orúkọ Kẹsàn-án Lára Ògiri

Ẹni tó bá fẹ́ mọ bí ọlá ṣe ń dẹ́rù ba ènìyàn, ì bá wà ní pápá kọ́lẹ́ẹ̀jì kan ní Kútọnu láàárọ̀ ọjọ́ Ajé tí Kóòṣì Ọláolú rí orúkọ ara rẹ̀ lára ògiri. Wọ́n ti kun ògiri náà ní ọ̀dà funfun láti òpin dé òpin. Mùílíù, tó ń kọ̀wé sára ṣọ́ọ̀bù kiri ìgboro, ti gun àkàsọ̀, ó ń fi ọ̀dà búlúù kọ orúkọ Kóòṣì gàdàgbà-gadagba sókè, nítorí wọ́n fẹ́ fi orúkọ rẹ̀ pe pápá náà. Lábẹ́ rẹ̀ ló kọ ọdún mẹ́jẹ̀ẹ̀jọ tí ilé ìwé náà gba ife-ẹ̀yẹ sí, àti orúkọ àwọn ọmọ tó gbà á.

"Kóòṣì, ẹ kú oríire o!" Mùílíù ké láti òkè. "Ẹ wò ó, mo ya lẹ́tà yín kó sanra. Ẹ̀yin fúnra yín kọ̀, ẹ ò sanra. Ẹ jẹ́ kí orúkọ yín bá yín sanra."

Kóòṣì rẹ́rìn-ín. Òótọ́ ni, ẹsẹ̀ rẹ̀ tín-ín-rín bí igi ọwọ̀, bẹ́ẹ̀ ló sì pé ọgọ́ta ọdún lóṣù tó kọjá, tí ìjọba sì ní kó máa lọ sinmi. Ó bẹ̀rẹ̀ sí í ka orúkọ àwọn ọmọ rẹ̀ láti ọdún 1998, ọdún ife àkọ́kọ́. Ó ń ka wọ́n bí ẹni tó ń jẹ ẹ̀pà, ọ̀kan lẹ́yìn òmíràn, ó ń mi orí. Ìgbà tó dé orí ẹ̀kẹsàn-án ni ẹ̀rín gbẹ mọ́ ọn lẹ́nu.

Dúrótoyè ni Mùílíù kọ síbẹ̀.

Dúrótoyè kò gbá bọ́ọ̀lù rí láyé rẹ̀. Ọmọ ọdún márùn-ún péré ni nígbà tí ibà gbé e lọ, ọdún mẹ́wàá gbáko kí ife náà tó dé.

"Ta ló fún ọ ní orúkọ wọ̀nyí?"

"Màdáàmù ni. Ó ní inú ìwé tí wọ́n fi sílẹ̀ ní ọ́fíìsì ìjọba ni wọ́n ti dà á kọ. Ṣé mo ṣi kankan kọ ni?"

"Rárá," ni Kóòṣì wí. "O ò ṣi nǹkan kan kọ."

Pọbẹ̀ ni Kóòṣì Ọláolú ti wá, ọmọ Nàgó pọ́ńbélé, ọmọ katikísì. Ìgbà tó kọ́kọ́ dé kọ́lẹ́ẹ̀jì yẹn láti wá kọ́ àwọn ọmọ ní eré ìdárayá, ewúrẹ́ ló ni pápá, àwọn ọmọ kàn ń yá a lò ni. Ìdíje àkọ́kọ́ tó kó wọn lọ, góòlù méje ni wọ́n gbá sílé wọn, aṣọ́lé sì jókòó, ó ní òun ò dìde mọ́, kí wọ́n kúkú máa kó o wọlé. Kóòṣì kò nà wọ́n. Etí òkun ló kó wọn lọ, ó ní kí wọ́n bọ́ bàtà, kí wọ́n máa sáré nínú iyanrìn títí ẹsẹ̀ wọn yóò fi mọ ọ̀nà. Ọmọ tí máàkì rẹ̀ kò bá tó mẹ́wàá nínú ogún ní kíláàsì, ì báà jẹ́ pé bọ́ọ̀lù ló bí ìyá rẹ̀, kò ní fọwọ́ kan aṣọ ikọ̀ lóṣù yẹn. Gbogbo Ọjọ́rú ló máa ń lọ sílé àwọn òbí, á jókòó lórí àpótí, á bèèrè bí ọmọ ṣe sùn, bí ó ṣe jẹun.

Àbẹ̀bí ìyàwó rẹ̀ ló ń se ẹ̀wà fún wọn lọ́jọ́ ìdánrawò. Lọ́jọ́ ìdíje kọ́ o! Ọdún kan wà tí wọ́n jẹ ẹ̀wà wọ pápá, aṣọ́lé bẹ̀rẹ̀ láti gbé bọ́ọ̀lù, ó só, ó só fáàà, ẹ̀rín dá gbogbo àwọn tó wà níwájú rẹ̀ dùbúlẹ̀, àwọn ọmọ òdìkejì sì rọra yí bọ́ọ̀lù wọlé. Kí ẹnikẹ́ni má ṣe yínmú sí ìyá arúgbó tó ń sọ ìtàn yìí fún yín. Òun náà mọ ohun tí ẹ̀wà ń dá sílẹ̀ nínú àgbà obìnrin, pàápàá ní ṣọ́ọ̀ṣì, nígbà tí gbogbo ènìyàn bá dákẹ́.

Ṣùgbọ́n pẹ̀lú gbogbo iyanrìn àti ẹ̀wà yẹn, ọdún mẹ́fà kọjá, ife kò wá.

Ọdún kẹfà náà ni Olúwafẹ́mi bọ́ sí i lọ́wọ́, Fẹ́mi ọmọ Àdùní tó ń ta aṣọ òkìríkà ní ọjà Mísẹ̀bò. Háà, ẹsẹ̀ òsì ọmọ yẹn! Bí ó bá fi gbá bọ́ọ̀lù, bọ́ọ̀lù á kọ́kọ́ máa lọ bí ẹni tó ń lọ sọ́jà, á wá ṣẹ́rí padà lójijì bí ẹni tó gbàgbé àpò sílé. Àbùkù kan péré ló ní. Ó pẹ́ kó tó bẹ̀rẹ̀ ìwé, ó ti pé ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún, ìdíje náà kò sì gba ẹni tó bá ju mẹ́tàdínlógún lọ. Ìwé ìbí rẹ̀ sọ bẹ́ẹ̀ gbangba.

Kóòṣì pè é sẹ́yìn kíláàsì.

"Ṣé o ò ní àbúrò ọkùnrin ni?"

"Mo ní, Kóòṣì. Ó ti kú."

Ẹni tójú ń tì ì bá dákẹ́ síbẹ̀. Kóòṣì dákẹ́ lóòótọ́, ṣùgbọ́n kò pẹ́.

"Ìwé ìbí rẹ̀ ńkọ́?"

Nínú gbogbo ọ̀rọ̀ tí ọkùnrin náà ti sọ láyé, ìbéèrè kékeré yẹn ló ń bá a jẹun, tó ń bá a wẹ̀, tó ń bá a kúnlẹ̀ ní ṣọ́ọ̀ṣì láti ìgbà náà.

Ó lọ bá Àdùní ní Mísẹ̀bò. Ọmọ Pọbẹ̀ ni ọkọ Àdùní tó ti dolóògbé, nítorí náà "ọkọ mi" ni obìnrin náà ń pe gbogbo ọkùnrin Pọbẹ̀, àti àgbà àti èwe, ó sì máa ń fi wọ́n ṣe yẹ̀yẹ́ bó ti wù ú. Lọ́jọ́ yẹn kò ṣe yẹ̀yẹ́. Ó gbọ́ ọ̀rọ̀ Kóòṣì tán, ó ká ṣòkòtò kan, ó tú u, ó tún un ká.

"Ọkọ mi, ṣé o mọ ohun tí ò ń bèèrè? Ìgbà tí ọmọ yẹn lọ, àwọn àgbà ilé ló gbé e kúrò lẹ́sẹ̀ mi. Wọn ò fi ojú oórì rẹ̀ hàn mí, mi ò sì bèèrè. Bí a ṣe ń ṣe é nìyẹn. Ìyá kì í mọ ibi tí wọ́n tẹ́ ọmọ rẹ̀ sí. Orúkọ rẹ̀ pàápàá, láti ọjọ́ yẹn, kò tíì jáde lẹ́nu mi."

"Ẹ má bínú, Màmá Fẹ́mi. Ẹ jẹ́ ká fi sílẹ̀."

"Dúró ná. Èyí tó wà láyé ti fi ọjọ́ mẹ́ta sunkún sí mi lọ́rùn nítorí bọ́ọ̀lù yín." Ní ọjọ́ kejì ló mú ìwé náà wá, ó ká a sínú aṣọ. "Nítorí alààyè ni mo ṣe fún ọ. Kó wà nínú ìwé. Kó má dé ẹnu. Bí mo bá gbọ́ pé wọ́n pe orúkọ yẹn ní gbangba, ìwọ lo hú ọmọ mi jáde."

"Mo gbọ́, Màmá. Mo fi Ọlọ́run búra."

Wọ́n gbá ìdíje títí dé àṣekágbá, orúkọ náà kò dé ẹnu ẹnikẹ́ni. Fẹ́mi ni àwọn ọmọ ikọ̀ ń pè é, wọ́n mọ̀, wọ́n panu mọ́. Ṣùgbọ́n ìwé ìjọba ló wà lọ́wọ́ ọkùnrin tó di ẹ̀rọ gbohùngbohùn mú lọ́jọ́ àṣekágbá. Ó ku ìṣẹ́jú méjì kí eré parí ni Fẹ́mi fi ẹsẹ̀ òsì yẹn gbá a láti ọ̀nà jíjìn, àwọ̀n mì. Ọkùnrin náà lọgun orúkọ tó wà nínú ìwé, gbogbo pápá sì gbà á lẹ́nu rẹ̀: "Dúrótoyè! Dúrótoyè!" Ẹgbẹẹgbẹ̀rún ènìyàn ń bẹ ọmọ tó ti lọ láti ọdún mẹ́wàá pé kó dúró. Kóòṣì náà ń fò sókè, ó ń pè é tọ̀funtọ̀fun. Ìgbà tó rántí ni ó fi ọwọ́ méjèèjì bo ẹnu. Ó wo àárín pápá. Fẹ́mi kò yọ̀. Ó dúró gbagidi, ó fi àtẹ́lẹwọ́ dí etí.

Lẹ́yìn ìsinmi, ọmọ náà kò padà sílé ìwé mọ́. Kóòṣì wá a lọ sí Gòdómè, ó bá a níbi tó ti ń kọ́ bí wọ́n ṣe ń jó irin pọ̀ láti fi ṣe géètì.

"Padà wá, Fẹ́mi. A óò wá nǹkan ṣe sí i."

"Ẹ ṣeun, Kóòṣì. Mi ò lè máa jẹ́ òkú."

Kò fẹjọ́ sun ìyá rẹ̀. Kóòṣì náà kò sọ. Láti ọdún náà, kò sí ìwé ọmọ kan tí Kóòṣì kì í yẹ̀ wò lẹ́ẹ̀mẹta. Bó bá jẹ́ pé oṣù kan péré ni ọmọ fi ju iye ọdún lọ, á ní kó lọ jókòó. Ife méje mìíràn dé, wọ́n dé ní mímọ́, àwọn ọmọ rẹ̀ sì di olùkọ́, nọ́ọ̀sì àti ẹni tó ń gbá bọ́ọ̀lù jẹun lókè òkun. Àwọn ènìyàn ń yìn ín pé kò sí olóòótọ́ bíi tirẹ̀ ní gbogbo Kútọnu. Ìyìn náà ń yún un lára bíi wèrèpè.

Nígbà tó kúrò níwájú ògiri lọ́jọ́ Ajé yẹn, ọ́fíìsì ọ̀gá ilé ìwé ló gbà lọ. Yẹ́misí ni ọ̀gá náà. Màdáàmù ni gbogbo ènìyàn ń pè é báyìí, ṣùgbọ́n Kóòṣì ló kọ́ ọ ní eré fífo igi nígbà tó wà lọ́mọdé, ó sì wà níbẹ̀ lọ́jọ́ tó sáré wá, tó fò, tó sì fi ìdí jókòó lé igi tó yẹ kó fò kọjá.

"Kóòṣì! Ẹ jókòó, sà. Ṣé lẹ́tà yẹn kéré ni?"

"Ó ti tóbi jù, Màdáàmù."

"Mo kúkú mọ̀ pé ẹ ò ní fẹ́! Ẹ gbọ́, mo ti rí ẹni tó máa ṣí aṣọ lójú ògiri lọ́jọ́ Àbámẹ́ta. Nínú ìyá àwọn ọmọ tó gba ife àkọ́kọ́, òun ló dàgbà jù. Mo rí orúkọ rẹ̀ nínú ìwé ìbí tí wọ́n fi mọ́ ìwé ikọ̀. Àdùní, ìyá Dúrótoyè. Mo ti ránṣẹ́ sí i ní Mísẹ̀bò."

"Kí lẹ ní kí wọ́n pè é?"

"Mo ní kí wọ́n bèèrè Àdùní ọlọ́kìríkà. Ó gbà, ó ní inú òun dùn. Kí ló dé?"

Àyè ṣí sílẹ̀ fún un báyìí láti sọ ọ́. Ṣùgbọ́n bó bá sọ ọ́, ife àkọ́kọ́ lọ nìyẹn. Ta ni yóò gba méje yòókù gbọ́? Ta ni yóò fi orúkọ èké pe pápá?

"Mo fẹ́ bẹ̀ yín pé kí wọ́n má ka orúkọ àwọn ọmọ náà sókè. Wọ́n pọ̀. Oòrùn á mú àwọn ìyá àgbà."

"Òótọ́ lẹ sọ. A ò ní kà á."

Ó jáde. Ara rẹ̀ fúyẹ́ bí aláìsàn tí dọ́kítà ní kò ní gba abẹ́rẹ́. Àdùní kò mọ̀wé. Bí wọn kò bá kà á sókè, ògiri lásán ni yóò rí, àti ọ̀dà búlúù. Ó ti tán.

Síbẹ̀, ẹsẹ̀ gbé e lọ sí Mísẹ̀bò ní Ọjọ́bọ̀. Àdùní jókòó láàárín aṣọ òkìríkà bí ìyá adìyẹ tó sàba. Ó ti dàgbà, ojú rẹ̀ ti ṣókùnkùn díẹ̀, ṣùgbọ́n ẹnu rẹ̀ kò dàgbà rárá.

"Ọkọ mi! Wá wo bàtà tí mo yọ nínú bẹ́ẹ̀lì tòní. Mo fẹ́ wọ̀ ọ́ ṣí aṣọ. Òyìnbó tó ni ín ti rìn ín dé ibi tí mi ò lè dé láyé mi. Bí mo bá ṣubú, kí o rí i pé ìwọ ni mo ṣubú lé, ẹsẹ̀ rẹ tín-ín-rín yẹn á sì dá." Ó rẹ́rìn-ín, ikùn rẹ̀ ń mì. Ó wá rọ ohùn. "Wọ́n ní orúkọ ọmọ mi wà lára ògiri. Ọmọ mi tí iná irin ti fẹ́rẹ̀ẹ́ fọ́ lójú! Mo ní, à á ti gbọ́? Fẹ́mi, lára ògiri ìjọba!"

"Màmá Fẹ́mi..."

"Hẹ̀n-ẹn?"

Ó wo ojú rẹ̀. Ó yí ojú sí bàtà náà.

"Ẹ má wọ bàtà gíga. Iyanrìn wà níbẹ̀."

Ọjọ́ Àbámẹ́ta pé. Wọ́n ta ìbòòji, wọ́n to àga. Àwọn tí Kóòṣì ti kọ́ wá láti ibi gbogbo, ẹlòmíràn ti pá lórí, ẹlòmíràn ti yọkùn. Ọkùnrin kan wá láti ọ́fíìsì ìjọba pẹ̀lú fáìlì lábẹ́ abíyá. Fẹ́mi fi alùpùpù gbé ìyá rẹ̀ wá, ó sì dúró sẹ́yìn rẹ̀ pẹ̀lú aṣọ iṣẹ́ lọ́rùn. Àdùní wọ bàtà gíga náà. Ó fa okùn, aṣọ já bọ́, ènìyàn pàtẹ́wọ́.

Kóòṣì kò wo ògiri. Fẹ́mi ló ń wò. Ó rí ojú Fẹ́mi bó ṣe ń sọ̀ kalẹ̀ láti orúkọ kìíní, tó ń bọ̀, tó ń bọ̀, tó sì dúró. Fẹ́mi wo Kóòṣì lẹ́ẹ̀kan, ó sì dorí kodò.

"Fẹ́mi," ni ìyá rẹ̀ wí, "èwo ni tìrẹ níbẹ̀?"

Fẹ́mi ń fi ọwọ́ yí aṣọ iṣẹ́ ọrùn rẹ̀.

"Ojú ń tì í. Kóòṣì, ìwọ lo kọ́ ọ. Gbé ọwọ́ mi lé e, kí n mọ̀ ọ́n lára."

Kóòṣì gba ọwọ́ náà. Okùn bẹ́ẹ̀lì ti sọ àtẹ́lẹwọ́ rẹ̀ di líle, ó sì gbóná. Wọ́n rìn dé ìdí ògiri. Orúkọ kẹsàn-án wà ní ọ̀gangan àyà. Ó wá sí i lọ́kàn pé kó gbé ọwọ́ náà lé ẹ̀kẹjọ; Àánúolúwapọ̀ ló wà níbẹ̀, ẹni tó ń gbá ẹ̀yìn ọ̀tún, ìyá náà kò ní mọ̀ láéláé. Ó gbé e díẹ̀. Ó kù bí ìka mẹ́ta kó kan ògiri. Nígbà náà ló rí i pé òun tún fẹ́ fún Fẹ́mi ní orúkọ ẹlòmíràn, lẹ́ẹ̀kejì, níṣojú rẹ̀.

Ó dúró.

"Màmá, orúkọ Fẹ́mi kò sí níbẹ̀."

"Kò sí bí i ti báwo? Orúkọ ta ló wá wà níbẹ̀?"

Kò lè sọ ọ́. Ó kàn di ọwọ́ náà mú. Kò sì sí ohun tó yẹ ní sísọ mọ́. Àdùní fa ọwọ́ rẹ̀ yọ bí ẹni tó fọwọ́ kan ìkòkò orí iná. Ó yí ẹ̀yìn sí ògiri, ó yọ ìborùn, ó fi bo ojú.

"Ṣé wọ́n ti pè é rí?"

"Wọ́n pè é lọ́jọ́ ife, Màmá. Gbogbo pápá."

"Ìwọ ńkọ́?"

"Èmi náà pè é."

"Ọdún mẹ́rìndínlọ́gbọ̀n," ló wí láti abẹ́ aṣọ. "Ò ń wá sí Mísẹ̀bò, ò ń jókòó tì mí, ò ń jẹ gúgúrú mi. Ò ń bá mi rẹ́rìn-ín."

"Bẹ́ẹ̀ ni, Màmá."

Kóòṣì lọ gba ẹ̀rọ gbohùngbohùn lọ́wọ́ Yẹ́misí. Kò ṣe àlàyé púpọ̀. Ó ní ọmọ tó gba ife àkọ́kọ́ fún wọn ju iye ọdún lọ. Ó ní òun mọ̀. Ó ní ìwé ọmọ tó ti kú lòun fi gbà á wọlé, òun lòun bèèrè fún un, kì í ṣe ìyá, kì í ṣe ọmọ, wọn ò gbọ́dọ̀ fi ọwọ́ kan ẹnikẹ́ni àfi òun. Kò pe orúkọ náà. Ọkùnrin ìjọba pa fáìlì rẹ̀ dé. Yẹ́misí jókòó.

"Mùílíù," ni Kóòṣì wí, "ọ̀dà funfun dà?"

Ó ṣẹ́ apá aṣọ tuntun rẹ̀ sókè, ó ti búrọ́ọ̀ṣì bọ inú garawa, ó kun orúkọ kẹsàn-án. Ó kun ọdún 1998. Ó gun àkàsọ̀.

"Kóòṣì, ó ti tó," ni Mùílíù wí kẹ́lẹ́kẹ́lẹ́. "Kì í ṣe tiyín náà."

"Di àkàsọ̀ mú fún mi."

Ó kun orúkọ ara rẹ̀, lẹ́tà sísanra kọ̀ọ̀kan. Oòrùn ti gbóná. Àdùní ti bọ́ bàtà gíga náà, ó dúró lẹ́sẹ̀ lásán nínú iyanrìn, ó kẹ̀yìn sí ògiri, ìborùn ṣì wà lójú rẹ̀.

"Ṣé ó ti tán?" ló bèèrè.

Kóòṣì sọ̀ kalẹ̀, ó wò ó. Ọ̀dà funfun ti bò ó, ṣùgbọ́n búlúù ṣì ń yọjú lábẹ́ rẹ̀.

"Ó ṣì ń hàn, Màmá."

"Tún un kùn."

Ó tún un kùn. Ó rọra ń kùn ún, láti òkè sísàlẹ̀, bí ẹni tó ń tẹ́ aṣọ sórí ọmọ tó sùn. Nígbà tí kò sí ohun tó ń hàn mọ́, ó dúró, búrọ́ọ̀ṣì ń kán sílẹ̀ lọ́wọ́ rẹ̀, ó sọ pé ó ti tán. Àdùní kò wẹ̀yìn. Kò sọ pé òun dárí jì í, kò sì ṣépè. Ó ṣí ojú, ó na ọwọ́ síwájú sí ibi tí ọmọ rẹ̀ wà, ó sì fi gbogbo ohùn tó fi ń pe oníbàárà ní Mísẹ̀bò ké, tí gbogbo pápá fi gbọ́:

"Olúwafẹ́mi!"

"Mà!" ni ọkùnrin náà dáhùn.

"Jẹ́ ká máa lọ sílé."